Bàbá, Jímọ̀ Ti Ń Wa Agbégilódò

Bàbá mi onígẹdú,

Ẹ kú àtijọ́. Inú kíláàsì mi ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà nítòsí Challenge. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ó yẹ kí n máa máàkì iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ láti àná. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bá sọ ọ́, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ò ní lè lọ sọ fún Ìyá.

Jímọ̀ àbúrò mi, àbíkẹ́yìn yín, ti ń wa agbégilódò. Ẹ má bínú. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ. Ẹ ní ọmọ yín kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíàrì ọkọ̀ tó ń gbé igi, pé èyí tí ẹ̀yin wà ti tó fún gbogbo ìdílé. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lithuania ló gbà á, wọ́n ní ẹrù ni yóò máa kó káàkiri Yúróòpù. Ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n fa ọkọ̀ onígẹdú lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méje, inú ọkọ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń se ìrẹsì, ibẹ̀ ló ti ń kírun. Yóò gbé igi ní Sweden, yóò bá ọkọ̀ ojú omi sọdá tòun ti ẹrù rẹ̀, yóò la Jámánì kọjá, yóò sì já a sílẹ̀ ní Ítálì. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú kankan nínú ibi tó ń gbà kọjá, nítorí náà ọlọ́pàá kì í pẹ́ dá a dúró.

Ìyá kò mọ̀. Jímọ̀ sọ fún wọn pé búrẹ́dì lòun ń pín. Ìyá sì ti gbé e dé Ọjà-Ọba. Gbogbo àwọn tó ń ta wàrà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọmọ wọn ń fi mọ́tò ńlá pín búrẹ́dì fún àwọn òyìnbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí fọ́tò ọkọ̀ náà, wọ́n bi mí pé irú búrẹ́dì wo ló ń gba táyà tó pọ̀ tó yẹn. Mo ní àwọn òyìnbó ń jẹun gan-an ni. Ẹ̀rín pa mí níwájú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Ẹ ṣì wà lójú mi, Bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi omi búta fọ gíláàsì ọkọ̀ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ kírun. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àyè yín, kódà kí ọkọ̀ wà lágbàlá. Ohun tí mo rántí jù ni bí ẹ ṣe máa ń dúró. Nígbà tí ẹ mú mi dání lọ sí ọ̀nà Èkìtì, a ò tíì rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti di igi sọ́kọ̀ tí ẹ fi páàkì. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ yí ọkọ̀ po, ẹ ń fi irin lu ṣéènì kọ̀ọ̀kan, ẹ ń fún un. Ẹ ní igi kì í jókòó síbi tí wọ́n ti dì í, ojú ọ̀nà ló ti ń jókòó. Tó bá sì ti jókòó, ṣéènì tó le tẹ́lẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn. Ebi ń pa mí, mo ń kùn. Ẹ fún mi ní wàrà, ẹ ń bá iṣẹ́ yín lọ.

Lánàá, bí a ṣe jáde ilé-ìwé, Jímọ̀ pè mí, ó fojú hàn mí lórí fóònù. Ó páàkì sí ẹsẹ̀ òkè ńlá kan tí wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé Ítálì, yìnyín funfun bo ibi gbogbo. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀, yìnyín ti gan mọ́ ara àwọn igi náà. Nígbà tó dé ibi tó móoru díẹ̀, yìnyín yọ́, igi jókòó, méjì nínú bẹ́líìtì tí wọ́n fi dì í dẹ̀. Ó fún ọ̀kan. Irin tí wọ́n fi ń fún èkejì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pe ọ̀gá tó ń darí wọn, ọ̀gá ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ni igi ń retí rẹ̀, pé tí kò bá lè lọ, ẹlòmíràn wà tó lè lọ. Iṣẹ́ yẹn ló sì so ìwé ìgbélùú rẹ̀ ró. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé e, ilé ló ń bọ̀. Ó ní kí n ṣàdúà fún òun kí òun tó gun òkè.

Mo ní kó má lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ A, B, D kò lè mọ ìyà awakọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Ìyá bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún. Bàbá, ẹ̀rù bà mí débi pé mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan rí.

Mo sọ ti ọjọ́ wòlímọ̀ mi fún un, ọjọ́ tí mo fẹ́ ka Kùránì kí wọ́n tó sìn mí lọ sílé ọkọ. Àwọn àlejò ti pé, àwọn Àfáà ti jókòó, mo ti wọ aṣọ funfun, wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ Kùránì, àyè yín sì ṣófo. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ní ẹ̀ ń kúrò nínú igbó bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi. Mo wá sọ fún yín pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró fún ṣéènì lónìí." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ó ti dáa, ìyàwó. Ibi tí ọkọ̀ yín ti dojú dé kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ lò ní ọsibítù kí ọlọ́jọ́ tó dé, mi ò sì lè wo ojú yín. Ẹ̀ ń nawọ́ sí mi, mò ń díbọ́n pé mò ń tún ìrọ̀rí ṣe. Ọdún méjìlá rèé. Ọkọ mi kò gbọ́, Ìyá kò gbọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè, pè, pè, kò wọlé. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sì gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ títí ó fi gbé mi kọjá àdúgbò mi. Mò ń rò ó pé mo ti pa ẹnì kejì báyìí. Mo ti da ọkàn rẹ̀ rú, ó sì ń gun òkè pẹ̀lú bẹ́líìtì tó dẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pe Mágàrìbá ni ohùn rẹ̀ wọlé sórí Wáàsáàpù. Mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà:

"Àǹtí mi, mo ti pa ọkọ̀. Mi ò lọ mọ́, kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ gbọ́, Bàbá dúró lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sùn tì wọ́n ní ọsibítù, wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn dúró, àwọn fún gbogbo ṣéènì. Táyà ló bẹ́."

Bàbá mi, ṣé lóòótọ́ ni? Mo mọ Jímọ̀. Ẹni tó lè fi búrẹ́dì tan Ìyá lè fi táyà tan èmi náà, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ pa irọ́ náà fún un, kó lè wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí mo bá yanu? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún èmi? Àbí ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn nígbà tí ẹ̀ ń nawọ́ sí mi?

Ọ̀gá Jímọ̀ kò tíì fèsì títí di báyìí. Wọ́n lè lé e wálé lọ́la.

Bí ẹ bá dúró lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́. Bí ẹ ò bá sì dúró, ẹ foríjì mí, èmi ni mo ní kí ẹ má dúró. Mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ títí a ó fi pàdé. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ dúró, Bàbá. Ọmọ yín dúró.

Kí Ọlọ́hun fẹ sàárè yín lójú.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè sọ lọ.