Ta Ló Ni Pátá Léèsì Orí Okùn?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló ń kọ èyí. Èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Bí mo bá ní ìdí, kó kọ ìdí, kó má kọ "ibi ìjókòó".

Mo ká aṣọ lórí okùn lónìí. Mo rí pátá léèsì kan láàárín aṣọ ìnura méjì, wọ́n fi pamọ́ bí ẹran tí wọ́n jí. Dúdú ni, òdòdó wínníwínní lára rẹ̀. Mo nà án. Ó fẹ̀. Kì í ṣe tèmi — àlẹ̀mọ́ ló kún ara tèmi.

Mo mú un dé pálọ̀. Oníbúrẹ́dì ń jẹun — ọmọ mi ọkùnrin nìyẹn, nídìí ààrò ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Mo bèèrè ẹni tó ni ín. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kì í ṣe tòun, ẹsẹ̀ òun méjèèjì á gba ojú ihò kan ṣoṣo. Oníbúrẹ́dì ní oúnjẹ há òun lọ́fun. Omi ló ń mu lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gé àlùbọ́sà bí ẹni pé àlùbọ́sà ló gbà á lọ́kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní òun gbọ́ tí ọkọ òun ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn balùwẹ̀. Ohun tó gbọ́ nìyí: "Ó rọ̀, kì í ni mí lára rárá. Mi ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi wá irú rẹ̀ méjì sí i."

Mo ní, "Méjì sí i kẹ̀?"

Ó ní, "Màámi, méjì sí i! Ṣé èmi wá ni mò ń ni ín lára?"

Mo ṣáà rò ó pé ẹni tí wọ́n lè ní kó wá obìnrin méjì sí i, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀ni, olósùnwọ̀n ńlá nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó kó ọmọ méjèèjì. Ó gbé ìkòkò ńlá. Ó tẹ́ pátá yẹn sórí ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àna mi pè. Ẹnu obìnrin yẹn ò ní ìlẹ̀kùn. Ó ní ọmọ òun ò padà mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ki pátá náà bọ àpò, mo wá olówó rẹ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì. Obìnrin tó ń tajà ní káńtà ní ìdí tó lè kún un. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi hàn án. Ó ní, "Ẹ gbà mí o, Màámi! Léèsì kẹ̀? Á máa yún mi." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Irọ́ kì í yún èèyàn. Mo fi í sílẹ̀.

Mo kọjá sẹ́yìn. Ooru ibẹ̀! Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ó ń fa páànù jáde nínú ààrò. Ẹ̀wù sún sókè, ṣòkòtò sún sílẹ̀. Òdòdó wínníwínní. Funfun ni tòní.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ tàwọn ti àpò ìyẹ̀fun léjìká. Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní búrẹ́dì ni mo wá rà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó wá dọ̀bálẹ̀ sí iwájú bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀. Ó ní ooru ààrò ni. Pátá òwú á mu òógùn yó, á bó òun nítan, òun á máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Léèsì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Torí ìyẹn ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ fún un ló ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Pátá ni méjì sí i.

Ẹ̀bi ẹnu wa ni. "Ó" tí a fi ń pe èèyàn, òun náà la fi ń pe pátá.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ di obìnrin ni. Ó ní rárá, pátá lòun fẹ́ wọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Pé kó rò pé òun ń yan àlè sàn jù. Gbogbo ọkùnrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ìyẹn.

Mo pòṣé títí eyín mi fi mì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo wọ́ ọ lọ sílé àna. A ti ìyá síta, ó kù àwa mẹ́ta nínú yàrá. Oníbúrẹ́dì ní, "Èmi ni mo ni ín." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti eṣinṣin.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Irọ́! Ẹ̀ ń bo obìnrin yẹn ni."

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ ìró bẹ́líìtì tó ń tú, ṣòkòtò já lulẹ̀. Mo rò pé ọmọbìnrin náà á dákú.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi."

Ọkọ ní, "Hùn."

Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ pé onírọ́bà ọjà lẹ̀ ń rà fún èmi?"

Ẹ̀rín wá já. Òun ló kọ́kọ́ bú sí i, ọkọ tẹ̀ lé e, mo fi orí ti ògiri, mo rín tèmi. Ó gbé ìkòkò rẹ̀. A lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Okùn kún lónìí. Mi ò mọ èwo ni ti ta mọ́.

Bó ṣe máa rí nìyí, ìwọ ọmọ mi tó ń kọ ọ́. Àna mi: sọ fún un pé kò sí àlè, kó sì parí síbẹ̀. Àwọn ilé búrẹ́dì: kò kàn wọ́n. Ọkọ tìrẹ, tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó wa tírélà, tó ń ta sókè bí ẹni tí èèrà bù jẹ tó bá sọ̀ kalẹ̀: òun ló kàn. Yéé rẹ́rìn-ín, ọmọ yìí, kọ ọ́. Kó o tó sọ fún un, wọn ìdí rẹ̀.