Orúkọ Tí Papa Kò Lè Pè

Èmi, Mojọlá Ọláníkẹ́ Adler, ọmọ Láyíwọlá ti Ìjẹ̀bú-Òde, opó Ernst Adler, tí mò ń gbé ní League City lẹ́bàá Houston, ni mo ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí. Ara mi kò le, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní oògùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kó lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì tí mò ń bá jà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà. Mo mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé bí mo bá rí i. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọmọkùnrin mi Olúdọ̀tun, àti ọ̀rẹ́ mi Fúnmi Ọláwọlé, tí a jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà. Dọ̀tun, Àǹtí Fúnmi ni kó o jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bó o ṣe ń kánjú lórí freeway lo ṣe ń kánjú nílé.

2. Mo fún Olúdọ̀tun ní mọ́tò mi àti àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àpótí yẹn. Ernst fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ èèkù òòlù tó wà nínú rẹ̀, ní London, nígbà tí a kò ní ju yàrá kan lọ, tí ìyá onílé ń bi mí bóyá mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́, tó sì ń bi òun náà bẹ́ẹ̀.

3. Mo fún Fúnmi ní ológbò mi. Kó má ṣe sọ pé òun kò fẹ́ràn ológbò. Mo ti rí i níbi tó ti ń bu ẹja fún un lábẹ́ tábìlì.

4. Àwọn ọ̀pá àbẹ́là onídẹ jẹ́ ti Rónkẹ́, ọmọ tí Yétúndé ọmọbìnrin mi bí. Kì í ṣe ìyá Ernst ló ni wọ́n o. Fàdákà ni ti ìyá rẹ̀, àwọn tó lé wọn kúrò nílé wọn ní Leipzig nítorí pé wọ́n jẹ́ Júù ló kó o lọ. Ọjà àlòkù la ti ra èyí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday ni mò ń tan àbẹ́là sórí rẹ̀, bí Ernst ti sọ fún mi pé ìyá òun máa ń ṣe. Alàgbà kan ní ìjọ wa bi mí bóyá mo ti di Júù. Mo ní kó kọ́kọ́ ka àbẹ́là tó wà níwájú pẹpẹ tiwa ná. Rónkẹ́, bí o kò bá fẹ́ tàn án, kò burú, ṣùgbọ́n má gbé e pamọ́. Gbé e síbi tí àwọn ọmọ rẹ yóò ti máa béèrè ẹni tó ni ín.

5. Ilé League City, tí a rà nígbà tí iṣẹ́ epo gbé Ernst wá sí Texas, jẹ́ ti Yétúndé, àkọ́bí mi, tó ń gbé ní Chicago. Dọ̀tun ti gbà bẹ́ẹ̀; òun ní ilé tirẹ̀ ní Stafford. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fún Yétúndé ní kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi ṣe ohun tí mo kọ sí ìpín keje.

Yétúndé, ó ti pẹ́ tí o ti ń gbé fóònù kalẹ̀ bí mo bá ti dárúkọ Papa rẹ. Lọ́yà ni yóò ka èyí sí ọ létí, wàá sì jókòó gbọ́ ọ.

Ọmọdé ni Papa rẹ nígbà tí ìyá rẹ̀, Màmá Recha, fi í sínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn ọmọ Júù mìíràn tí wọ́n ń kó sá lọ sí England. Màmá ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò dé. Ogun àgbáyé kejì parí, a wá wọn títí, a kò rí wọn, a kò sì rí sàréè wọn. Papa rẹ kò gbà pé wọ́n ti kú. Nígbàkigbà tí agogo ẹnu ọ̀nà wa bá dún ní London, òun ló ń kọ́kọ́ dìde.

Nígbà tí mo bí ọ, bàbá mi fi orúkọ ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, bí a ti ń ṣe. Wọ́n ti gbọ́ pé ìyá ọkọ mi bá ogun lọ, wọ́n sì rò pé ìtùnú ni àwọn fi ránṣẹ́: Yétúndé, ìyá ti padà dé. Inú mi dùn. Papa rẹ náà ń pè é káàkiri wọ́ọ̀dù, títí ó fi bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ló bá jókòó. Láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, orúkọ ẹni tó ti kú ni wọ́n fi ń sọ ọmọ. Wọn kì í fi ti alààyè sọ ọ́. Bó bá pè ọ́ ní Yétúndé, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sin ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kò ní ká yí orúkọ náà padà, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún bàbá mi. Kò kàn lè pè é ni. “Ọmọ mi” ló ń pè ọ́, o sì dàgbà pẹ̀lú èrò pé kò fẹ́ràn rẹ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọ, o ní bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò pè é lórúkọ.

6. Ní ti ìsìnkú mi, ẹ sin mí sí ilẹ̀ tí ìjọ wa rà. Àwọn Júù nìkan ni wọ́n ń sin síbi tí Ernst wà, mo sì ti mọ̀ kó tó kú. N kò bá wọn jà. Èmi kò yí ẹ̀sìn mi padà, òun náà kò yí tirẹ̀, a sì fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ń sùn sí, n kì í na ẹsẹ̀ sí apá tirẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

7. Kí Yétúndé mú Rónkẹ́ dání, kí wọ́n lọ sí ibojì Papa. Yétúndé, o wá síbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n o kọ̀ láti wá lọ́dún kejì, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta ibojì rẹ̀, bí àwọn Júù ti ń ṣe. Nígbà tí àìsàn tó pa Papa rẹ ti wọ̀ ọ́ lára, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Èmi ni mo wa mọ́tò, ó sì ní kí n dúró síta. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni mo tó rí ohun tó ní kí wọ́n kọ.

Orúkọ tirẹ̀ wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ Màmá Recha, tí kò ní sàréè níbòmíràn, àti ọdún tí wọ́n bí wọn. Níbi tó yẹ kí ọjọ́ ikú wà, kò ní ọjọ́ kankan láti kọ. Ibẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ Yétúndé sí, àti ọdún tí mo bí ọ.

Papa rẹ ti pè ọ́, ọmọ mi. Lọ dá a lóhùn.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Houston, lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1986.

Mojọlá Ọláníkẹ́ Adler

Àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n rí i bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Cornelius Babáwálé, aládùúgbò mi
Olúbùkọ́lá Anthony, nọ́ọ̀sì