Àgékù, Ẹ̀bùrú àti Wàrà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Èmi rò pé tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó sanra, ọ̀rá ni wọ́n máa ń fà jáde, bí ẹni ń fa epo lára mọ́tò. Àṣé ikùn gan-an ni wọ́n ń gé!

Dókítà Ssemwogerere — Ọ̀bẹ ni n ó máa pè é níbí — ya iṣẹ́ abẹ méjèèjì sórí bébà fún mi, ó ń fi báírò tọ́ka bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Èkíní: wọn á gé ikùn, wọn á kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù, ohun tó bá kù kò ní tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Àgékù ni mo sọ ìyẹn. Èkejì: wọn á ya ikùn kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, bí ẹyin adìyẹ, wọn á so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè yà fún ikùn àtijọ́. Ẹ̀bùrú nìyẹn. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń kó èyí tí wọ́n bá gé sí. Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn.

Orúnkún ò gbé mi gun àtẹ̀gùn iléèwé mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ti wọ ojú mi ọ̀tún. Ọ̀bẹ ní tí mo bá fi falẹ̀, ojú náà á lọ, òsì á sì tẹ̀ lé e. Ó ní kí n lọ mú ọ̀kan kí n padà wá. Bí ẹni ní kí n lọ mú bàtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Àgékù. Ó ṣe é yé èèyàn. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Kò parí o.

Apofia tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní ìṣirò, ó gbẹ lọ́dún tó kọjá bí aṣọ tí wọ́n fún omi kúrò lára rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìrìn àárọ̀ ló ní ó ṣe é. Gbogbo wa ní yàrá olùkọ́ la bá a mu omi ọsàn yẹn. Eyín ń kan mí títí ó fi sú mi. Lónìí mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó gbé búláòsì rẹ̀ sókè. Àpá kéékèèké, káàkiri ikùn.

Àgékù! Apofia! Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ ọn ni àbí kí n gbá a létí. Ó bẹ̀ mí kí n bo àṣírí òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó burú: ìjókòó ló fi ń sùn báyìí, ó ń fara ti ìrọ̀rí, torí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi kíkan á gùn ún wá sí ọ̀fun.

"Kobu," ó pè mí lórúkọ, "àyà kì í jó ẹ?"

Mo ní ó máa ń jó mi, lálaalẹ́.

"Má bá mi wọ ọkọ̀ yìí, jọ̀ọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ẹ̀bùrú nígbà náà. Mo pe Ọ̀bẹ. Inú rẹ̀ dùn, ó ní tìtorí ìtọ̀ ṣúgà yìí, òun náà ì bá mú un fún mi. Ó ti fẹ́ pa fóònù kó tó rántí nǹkan kan, bí ẹni rántí pé òjò lè rọ̀: tí wọ́n bá ṣe é tán, wàrà kì í bá àwọn kan lára mu mọ́. Inú á máa run wọ́n, òógùn á bò wọ́n, wọn á dùbúlẹ̀. Àwọn kan ṣì ń rí díẹ̀ mu. Àwọn kan ò ní mu ún mọ́ láéláé. Ó ní, "Wàrà lásán ni, màmá."

Wàrà lásán! Ará Buganda ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ Bahima, àwọn darandaran, ni mí. Mo mọ orúkọ màlúù bàbá mi kí n tó mọ orúkọ oṣù. Níbi tí wọ́n bí mi sí, wàrà la fi ń kí àlejò, òun la fi ń gbéyàwó, òun náà la fi ń parí ìjà.

Ọ̀sán yìí ni Mugarura, ọkọ mi, ti Kiruhura dé, òun àti kẹ́ẹ̀gì wàrà aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń gbé wá láti oko ní gbogbo Àbámẹ́ta. Mo rí kẹ́ẹ̀gì náà, ẹkún gbọ̀n mí. Ó rò pé ẹnì kan kú. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì bi mí pé ta ni òun á wá máa gbé e wá fún.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Àgékù. Kí àyà máa jó mi lọ. Ó sàn ju kí n di àlejò nílé bàbá mi.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun. Ọ̀bẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn mí: ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun mi pọ́n, ó bó, bí ìgbà tí ata gbígbóná dà sí i. Ó ní Àgékù ti bọ́ sílẹ̀. Tí omi kíkan bá tún pọ̀ sí i níbẹ̀, ó lè di ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀.

Ó wá kù: ojú tàbí wàrà. Tàbí kí n má ṣe nǹkan kan rárá. Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò lè ṣíná rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mugarura ti tú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà síta. Shwenkazi ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Shwenkazi Federesi. Òun ló mú mi sanra — ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí ìgbéyàwó mi kù díẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tì mí mọ́ kí n lè sanra, bí àṣà wa. Wàrà láàárọ̀, wàrà lọ́sàn-án, wàrà lálẹ́, ìkòkò igi kún dẹ́múdẹ́mú. Tí mo bá sinmi, á fi igi tó là sáàárín há mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ títí n ó fi gbé e mì. Lọ́jọ́ tí mo jáde, mi ò lè dá dìde. Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n ń pè mí ní Gaaju, orúkọ màlúù pupa tó ń dán. Mi ò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá sọ. Mo ti kọ́ èsì mi sórí. Mo tún ti gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Shwenkazi ti dé.

Ó gbé ìkòkò igi tirẹ̀ wá, wàrà kún inú rẹ̀, ó ti fi èéfín koríko fín in, ọmọrí rẹ̀ ṣóńṣó lórí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo gbé bébà Ọ̀bẹ síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé méjèèjì. Ó wò ó pẹ́. Ó ní èwo ló ń gba wàrà lọ́wọ́ èèyàn. Mo fọwọ́ kan Ẹ̀bùrú. Ó rán Mugarura lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ wà nílé.

"Gaaju, mi ò tíì mu wàrà láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi."

Mo rò pé etí mi ló dì. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: ó máa ń mú kí inú run òun, ó máa ń dá òun dùbúlẹ̀. Nílé ìyàwó, nílé ìkómọ, òun á gbé ìkòkò sẹ́nu, òun á pa ètè dé, ọ̀nà ọ̀fun á máa lọ sókè sódò, òun á wá nu ẹnu. Ọkọ rẹ̀ bá a gbé títí ó fi kú, kò mọ̀.

"Ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé èmi kì í ṣe ọmọ bàbá mi?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ní, Shwenkazi, kí ló dé tí ẹ fi ń fi igi há mi?

Ìkòkò ló ń wò, kì í ṣe èmi.

"Ó ń wù mí. Bó bá ti ń lọ lọ́fun rẹ, á dà bíi pé èmi ni mò ń mu ún."

Ó bu kọ́ọ̀pù kan fún mi. Ó ní kí n mu ún, kí òun wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mu ún tán lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn. Ó mi orí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, lójú èmi náà. Mi ò tíì dárí jì í. Mi ò mọ̀ bóyá n ó dárí jì í.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ẹ̀bùrú. Mo ti pe Ọ̀bẹ, ìparí oṣù ni.

Shwenkazi ò tíì lọ, ó ń kọ́ mi. Èjìká kì í gbéra. Ojú á ṣẹ́ díẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ni kó ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ yìí mo gbé ìkòkò sẹ́nu níwájú Mugarura, mo pa ètè dé, mo sì nu ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rọra mu ún, kó má pá mi lórí.