Ìkẹ́dùn fún Ìdílé Mọ́ṣúdù Jùbrílù, Oníkámẹ́rà tí A Yọ Orúkọ Rẹ̀ Kúrò Nínú Fíìmù

Ilé-Iṣẹ́ Fíìmù Ìlú Àpáta,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1987.

Sí Alhaja Bùsírátù Jùbrílù àtàwọn ọmọ,
Kémta, Abẹ́òkúta.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí agbádá kò lè bò, ni gbogbo wa ní ilé-iṣẹ́ yìí fi gbọ́ pé Mọ́ṣúdù Jùbrílù, ọkọ yín àti bàbá yín, dágbére fáyé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mọ́ṣúdù fi gbé kámẹ́rà fún wa. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í ráhùn. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ló fi ń bo kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi ẹkún bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ Ṣódípọ̀, ọ̀gá wa tó fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, fi ní kí a kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Lọ́dún 1983, àwọn asáré láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn láti ọ̀nà Ṣàgámù wá sí Abẹ́òkúta, àwa sì ni àwọn aláṣẹ ìdíje ní ká ya fíìmù rẹ̀. Mọ́ṣúdù ń ya àwọn asáré lójú ọ̀nà. Ọlálẹ́yẹ fúnra rẹ̀ dúró ti kámẹ́rà tó wà nídìí okùn ìparí. Ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà, asáré ọmọ Tógò kan ṣubú lulẹ̀ gbì. Mọ́ṣúdù ní kí awakọ̀ tó gbé e dúró. Ó ya àwọn ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń da omi sí ọmọ ọlọ́mọ lórí, tí wọ́n ń pariwo pé, "Dìde, ọkọ mi, dìde!" títí ó fi dìde.

Nídìí okùn, àwọn ìjòyè ń wọlé bọ̀. Ta ni ọmọ Ẹ̀gbá tí yóò rí àgbà tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Ọlálẹ́yẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó gbọn eruku àyà nù, ẹni tó gba ipò kìíní ti já okùn kọjá. A kò rí àwòrán rẹ̀ kankan yà.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bínú, Ọlálẹ́yẹ ní Mọ́ṣúdù ló fi àwọn aṣíwájú sílẹ̀ ní Kọ́bapẹ́. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti bú u. Mọ́ṣúdù mọ òtítọ́. Ohun tó sọ kò ju "Ọ̀gá, ẹ ṣáà máa wo ohun tí mo yà" lọ. A gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú fíìmù. Háà! Nígbà tí a gbé fíìmù náà jáde fún àwọn àlejò wò, ọmọ Tógò yẹn gan-an ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù. Ọlálẹ́yẹ dìde, ó tẹríba, ó gba oríyìn olóríyìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ́ṣúdù wá bẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ipò. Wọ́n ti gbé fíìmù náà lọ sí ilé-ìwé Sàfúrátù, ọmọ yín. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé bàbá òun ló yà á. Orúkọ kò jáde, làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè é ní onírọ́. Mọ́ṣúdù ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dá orúkọ mi padà, nítorí ọmọ yìí." A ní ó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ìpàdé ń bọ̀, ìpàdé ń lọ, ikú kò bá wa dúró.

Sàfúrátù, bàbá rẹ ló yà á. Ìwọ kọ́ lo purọ́. Àwa ni.

A ti dá orúkọ Mọ́ṣúdù padà sínú fíìmù, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì di ojúṣe wa títí wọn yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ní gbangba la ti bú u. Ẹ̀bẹ̀ kọ̀rọ̀ kò tó. Bí ẹ bá gbà wá láyè, Ọlálẹ́yẹ yóò wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, yóò sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá sì ní kó má wá, ẹ kò jẹ̀bi.

Kí Ọlọ́run Aláàánú fi Àlùjánnà kẹ́ Mọ́ṣúdù, kí Ó tù yín nínú, kí Ó jẹ́ kó jìnnà síra. A kò tọrọ ìtùnú fún ara wa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ọkùnrin yìí fi wà nítòsí wa tí à bá fi bẹ̀ ẹ́, a kò bẹ̀ ẹ́.

Ọlálẹ́yẹ Ṣódípọ̀,
Ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́.