Bàbá, Miriam Ti Rí Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Fẹ́rànmí

Okun o, Bàbá. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta! Ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Òkè-Bùkún ti ní òrùlé, Màmá ti kó sínú ẹ̀. Kajú tí ẹ gbìn sóko ti ń so. Orúnkún Màmá ń yọ wọ́n lẹ́nu bí òjò bá ṣú, síbẹ̀ wọn kì í pa máàsì àárọ̀ jẹ. Gbogbo ìyẹn, ẹ lè ti fọkàn rò ó. Èyí tí ẹ kò lè mọ̀ ni ọ̀rọ̀ Miriam, ọmọbìnrin yín, àti àwọn ìwé tí ẹ kọ. Òun la fẹ́ rò fún yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí James, ọmọkùnrin yín, pè láti Amẹ́ríkà pé Fẹ́rànmí, ọmọ òun, ti wọ yunifásítì, pé bọ́ọ̀lù àwọn ará ibẹ̀ ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. A rò pé ẹ máa kí i kú oríire, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ ní kó fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ wò ó títí ẹ fi mọ ibi tí ọmọ náà ń dúró: ní ìpẹ̀kun ìlà àwọn tó ń dènà, níbi tó ti gbọ́dọ̀ yí géńdé kan tó tóbi jù ú lọ sílẹ̀, kó lọ wó ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ sọ irú wọn ní ará ìpẹ̀kun. Nígbà tí ẹ wá gbọ́ pé lóṣù kẹrin ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń fi eré náà jẹun máa ń ṣa àwọn ọmọ yunifásítì níkọ̀ọ̀kan, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wò lára ọmọ kí wọ́n tó mú un. Tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìntì! Ẹ tún di akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, Miriam ló palẹ̀ yàrá yín mọ́. Akọ̀wé ni ní sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba, ó mọ bí wọ́n ti ń to ìwé. Ó bá ìwé márùn-ún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mọ́kànlélógójì nínú wọn, ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè mẹ́rin kan náà lórí gbogbo wọn. Báwo ni ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ti yá tó? Ṣé ó ń lo ọwọ́, àbí ara lásán ló fi ń ti èèyàn? Ṣé ìbàdí rẹ̀ rọ̀ tó láti tẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ alátakò kọjá? Bó bá rẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Lábẹ́ ìbéèrè kẹrin, ẹ kọ nípa ọmọ kan pé: “Ó ń lé bọ́ọ̀lù tó mọ̀ pé òun ò lè bá mọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí.” Miriam jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Fẹ́rànmí ló wà ní ojú ewé ìkẹyìn. Ẹ ò dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlà kan péré lẹ kọ, ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó lọ: “Kí ló dé tí ọmọ yìí máa ń nàró kó tó jà?”

Láti ọjọ́ náà ni ara Miriam kò ti gbà á. Kò mọ nǹkan kan nípa eré náà, lójú tiẹ̀ ó dà bí agbo màlúù tó kọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sí fàráńdà, á ṣí ìwé yín sórí itan, á máa wo fídíò àwọn ọmọ náà bí ẹ ti tò wọ́n, á máa wá ohun tí ẹ rí. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣa àwọn ọmọ lọ́dún yẹn, ó fi ti yín wé tiwọn: nínú mẹ́rìnlá tí ẹ fàmì sí, wọ́n mú mẹ́wàá. Ó tún rí ibi tí ẹ ti ṣì í. Ọmọ kan wà tí ẹ kọ̀ nítorí pé apá rẹ̀ kúrú, wọ́n sì tètè mú un, ó ń ṣe dáadáa títí dòní. Miriam fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé Bàbá ṣì í níbí. Ojú wá tì í, ló bá lọ bi Màmá bóyá ó tọ́ kéèyàn máa máàkì ìwé ẹni tó ti kú.

Màmá ní, “Tíṣà ni. Ẹni tó bá bá a tún un ṣe ni inú ẹ̀ máa dùn sí.”

Ó wá ku ìbéèrè orí Fẹ́rànmí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fáwọn ọmọ iléèwé tó ń jàkadì pé ẹni tó bá kọ́kọ́ nàró ni wọ́n máa gbé ṣánlẹ̀, nítorí náà Miriam mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí ọmọ náà bá dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, yóò lọ nílẹ̀ bí ẹni tó ń roko. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìpẹ̀kun òsì, yóò nàró, yóò yí ọrùn, alátakò á sì ti dé àyà rẹ̀. Nínú ìdíje mẹ́ta, ó nàró lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́ta lápá òsì, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lápá ọ̀tún. Ọmọ kan náà, agbára kan náà. Kí ló wá yàtọ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Miriam ní kí Màmá jókòó sórí àpótí ní fàráńdà kí wọ́n máa ju ìnuwọ́ sókè bó bá ti wù wọ́n, kó dúró fún bọ́ọ̀lù, nítorí ará ìpẹ̀kun kì í gbéra títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ká gúlútú sílẹ̀ bí àwọn ọmọ yẹn ti ń ṣe, Màmá wà lápá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù máa ń wà sí ará ìpẹ̀kun òsì, ó tẹjú mọ́ iwájú. Ó rí ìnuwọ́ náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó ṣì rí i. Ó bo ojú ọ̀tún. Kò rí nǹkan kan, àfìgbà tó gbé orí sókè tó yí ọrùn. Màmá bi í bóyá ó ti tó, ó ní kí wọ́n tún un jù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá nìyẹn, Fẹ́rànmí sì ti ń sọ pé òun ò ní parí iléèwé kí òun tó forúkọ sílẹ̀ fún ṣíṣà náà. Miriam pè é.

“Fẹ́rànmí, báwo ni ojú ọ̀tún rẹ?”

Ọmọ náà ní, “Àǹtí, ta ló sọ fún yín?”

Ó jẹ́wọ́ pé ojú náà ti ń ṣú láti ọmọ ọdún méjìlá. Bí dókítà bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á ti fi ojú òsì ka lẹ́tà ara ògiri ṣáájú, á há a sórí, á wá kà á jáde bí wọ́n bá bo ojú òsì náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbọ́, ó ní, wọn ò ní mú òun. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá òun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi lọ lẹ́nu Miriam. Ìlà yín ló gbé e dé ibẹ̀, ìlà náà sì lè ba ayé ọmọ ọmọ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti wo eré náà pẹ́ débi pé ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tí kò rí ẹni tó ń bọ̀ wá kọlù ú. Ó padà pè é.

“Bó o bá bínú sí mi títí ayé, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n ṣẹ́ ọ lọ́rùn lọ. Sọ fún bàbá rẹ kí ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àbí kí n sọ.”

Fẹ́rànmí sọ fún James. Àmọ́ fún oṣù méjì kò gbé fóònù Miriam. Dókítà ojú ní awọ iwájú ẹyinjú ọ̀tún ń fẹ́lẹ́ sí i, ó ń yọ ṣóńṣó, bó bá fi ọdún kan sí i, ó lè má ṣe é tún ṣe. Wọ́n bá a dá àrùn náà dúró, wọ́n sì ṣe lẹ́ńsì tó máa ń fi sójú. Ó padà síléèwé fún ọdún kan sí i.

Lóṣù kẹsàn-án, Miriam wo ìdíje àkọ́kọ́. Ọmọ náà lọ nílẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọ́n gbé e lọ sápá òsì, ó tún lọ nílẹ̀. Miriam pe Màmá jáde láti ìdí ààrò pé kí wọ́n wá wò ó.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọmọ wò, Fẹ́rànmí fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ ojú náà fún wọn. Àwọn kan fagi lé orúkọ rẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún yìí, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ṣa àwọn ọmọ. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òjò ti ṣú, Màmá ń ká aṣọ lórí okùn, ni wọ́n pe orúkọ ọmọ ọmọ yín ní ìpele kẹfà nínú méje. Oyèbánjí, orúkọ ìdílé wa! Wọn ò mọ̀ ọ́n pè, a sì gbọ́ ọ. James ń sunkún lórí fóònù. Fẹ́rànmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá Àǹtí sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù yín.”

Miriam gbé fóònù fún Màmá. Màmá ló bá a dáhùn.

Kóòṣì tó kọ́ Fẹ́rànmí ní yunifásítì ti gbọ́ ìtàn náà, ó máa ń fi fídíò àwọn ọmọ mìíràn ránṣẹ́ sí Miriam báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Miriam rí ọ̀kan tó dára gan-an, àmọ́ ọmọ náà ti pààrọ̀ yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ọkàn rẹ̀ ni kò dúró sójú kan, àbí ẹni tó máa kọ́ ọ ló ń wá kiri? Miriam wò ó títí, kò rí i lára rẹ̀. Ó bi Màmá, ó bi James, ó bi gbogbo wa. A dá a lóhùn, ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ohùn wa ló ń retí.

Bàbá, ohùn yín ń wù wá gbọ́. Ọdún mẹ́ta ò tíì kọ́ wa bí a ṣe ń gbé láìsí yín. Ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn Màmá, ò dín lọ́kàn James, ò dín lọ́kàn Fẹ́rànmí, àti lọ́kàn Miriam tó ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín.