Ohun Tí Lois Kà Lórí Ibojì Bàbá Rẹ

Ogidi,
Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Kẹta, 1994.

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. O kú iṣẹ́, o kú ilé. Ṣé ara yín le ní Kàdúná? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òròmọdìẹ lójú àṣá yóò ṣọ́ ẹ̀yin náà. Àwa wà, orúnkún mi nìkan ló ń bínú. Jọ̀wọ́, má kọ Kwara sára àpò lẹ́tà mọ́, Kogi ni wá báyìí. Lẹ́tà rẹ tó kọjá kọ́kọ́ sùn sí Ìlọrin kí wọ́n tó rántí wa.

Lois ọmọ rẹ ló ń kọ èyí, èmi ni mò ń sọ. Ó ní òun ò ní kọ ibi tí mo ti pe òun ní alágídí, mo ní dandan ni kó kọ ọ́.

O ní bí àwọn tíṣà ti daṣẹ́ sílẹ̀ yìí, kí n jẹ́ kí ohun tó bá wu ọmọ náà máa ṣíwájú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé. Mo gbà, torí ìwọ lo kàwé. Mo rò pé aṣọ híhun ni yóò wù ú. Rárá o, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ló wù ú! Láràárọ̀ ni yóò máa ti ibojì kan bọ́ sí òmíràn, á máa fi ìka tọ lẹ́tà, á ní kí n sọ bí olúwarẹ̀ ṣe gbé ayé. Ibẹ̀ ló ti mọ Yorùbá kà, ọmọ tó jẹ́ Hausa ṣáá ló ń sọ nígbà tó dé. Ẹ̀rọ ìṣirò tí o ní oòrùn ló ń jẹ, mò ń sá a pọ̀ mọ́ èlùbọ́ kí ó lè yó, òun ló fi ń ṣírò ọjọ́ orí àwọn òkú.

Katikísì wa, Fọlọ́runṣọ́, wá bá mi pé ọmọ tó pé kì í fi òkú ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sunkún, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó máa lọ, èmi náà sì tẹ̀lé e.

Níbi ibojì bàbá rẹ ló ti bi mí pé ọdún wo ni mo bí Oyèbánjí ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní fádà kọ ọ́ fún mi, 1950 ni. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Bàbá àgbà nígbà tó bímọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àṣé 1942 ni bíríkìlà kọ sára òkúta ibojì pé wọ́n bí i! Katikísì tú ìwé ìrìbọmi, 1924 ló bá níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin tẹ́ ẹ níwèé ẹ̀rí rẹpẹtẹ, iwájú òkúta yẹn lẹ ti ya fọ́tò. Láti ọdún márùn-ún ni àlejò ti ń ṣàánú pé ọkọ mi kú ní kékeré, ẹni tó hu ewú dáadáa.

Katikísì bẹ Lois. Ó ti fún un ní ìwé kó máa da orúkọ ara àwọn òkúta àtijọ́ kọ kí òjò tó pa wọ́n rẹ́.

Nítorí náà, fi owó sìmẹ́ǹtì àpò kan ránṣẹ́, àti ti bíríkìlà, kí ó má jẹ́ ti àkọ́kọ́ o. Fi róòbù fún orúnkún mi kún un.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà títí ọmọ ọmọ rẹ yóò fi di tíṣà rẹ. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí, Lois kò bá mi di ọwọ́ mú. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

MONICA