Àlàájì Kì í Dá Ẹni Tí Kò Kí I Lóhùn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
                                        Ganhi, Kútọnu.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ìyá Balqees, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ará Kétu ńkọ́? Bàbá Balqees ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Balqees fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ Ajé. Àlàájì Ìsmáílà tó ni ilé ìwé wa ló fà á. Rárá o, èmi gan-an ni mo fà á.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ọ̀la Jímọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé tí Balqees fẹ́ ṣe máa parí, bí o bá sì ti gbìyànjú láti ṣí ìkànnì wa lọ́sẹ̀ yìí, fóònù rẹ á ti ní ibẹ̀ léwu, kí o padà. Kò sí olè níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń fi hàn pé àwa la ni ìkànnì náà ni ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Mo sì ti béèrè fún tuntun lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fúnni láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí àwọn máa pè láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Èmi tí mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ló yẹ kí n kọ tèmi. Ṣùgbọ́n ta ni mí, tí n ó kọ orúkọ ara mi síbi tí àgbà wà? Mo kọ ti Àlàájì àti nọ́ńbà rẹ̀. Àpọ́nlé ni mo ń ṣe o!

Wọ́n pè é lọ́jọ́ Ajé. Clémence, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò kí i rárá. Faransé ló sọ sí i, ó ní ṣé òun ni Ìsmáílà. Àlàájì ní, "Ìwọ ọmọ ta ni, tí o ń pe orúkọ mi láàárọ̀ láìkí mi?" Ó pa fóònù. Bákan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lánàá, ó ní gbájúẹ̀ ni wọ́n. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Bí mo bá sì ní kí n yí orúkọ yẹn padà, ọjọ́ méje mìíràn nìyẹn. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́ lójú mi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, torí Balqees ni mo ń rò.

Láàárọ̀ yìí ni mo wá nọ́ńbà Clémence rí, mo bẹ̀ ẹ́, àṣé ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, mo sì kọ́ ọ lóhun tó máa sọ. Mo dúró ti Àlàájì nígbà tí fóònù dún.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ará ilé ńkọ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. Ó béèrè ìyá ọmọ náà, ó béèrè bàbá rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ti lọ́kọ, ó wá ṣàdúrà fún un. Ìṣẹ́jú méjìlélógún! Gbólóhùn kan ṣoṣo tí a ń wá láti ọjọ́ Ajé, pé bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun ní kí n béèrè fún ìwé ẹ̀rí tuntun, kò gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Ìwé ẹ̀rí náà dé lọ́sàn-án, ìkànnì sì ti ṣí. Mi ò dúró dè ọ́. Orúkọ Balqees ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti bàbá rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọn yóò pè nítorí ọmọ náà, orúkọ bàbá ọkọ rẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́wọ́. Mo yára pa á rẹ́. Nọ́ńbà tìrẹ ni mo kọ. Bí wọ́n bá pè láìkí ọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ṣáà dá wọn lóhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí orí ṣì ń fọ́,
Àdìzátù.